Ọ̀kadà Tó Wúkọ́ Fún Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá

Bí ẹ bá ní kí a ka ohun tó ti jókòó sáàárín olólùfẹ́ méjì rí nílùú Ìdànrè, a ó ka òbí, a ó ka owú, a ó ka ẹnu ayé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ìdí rẹ̀ tóbi tó ti Màmá Oyèṣọlá. Kì í ṣe pé ìyá náà jẹ́ ọ̀tá wọn o. Orí ọ̀kadà ló jókòó sí. Ọmọkùnrin wà níwájú, ọmọbìnrin wà lẹ́yìn, òun wà láàárín bí ẹ̀wà tí wọ́n há sínú búrẹ́dì, wọ́n sì gbé láptọ́ọ̀pù lé e lẹ́yìn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà náà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, àfi bó bá kan ọ̀kadà gígùn.

Màmá ní ọmọ-ọmọ kan, Jésùtófínmi, tí gbogbo ilé ń pè ní Tófínmi. Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́, Màmá ló tọ́ ọ dàgbà nínú ilé Tolúwalàṣẹ, ọmọ Màmá tó jẹ́ bàbá rẹ̀. Tolúwalàṣẹ ń dáko kòkó, ó tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Bó bá wọ sùtánà funfun rẹ̀, tó bọ́ bàtà sílẹ̀, tó ń bọ̀ lójú títì, ewúrẹ́ pàápàá á yà fún un. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kí ọmọ òun ṣe. Ọmọ lọ sí Àkúrẹ́; nígbà tí yóò fi padà dé, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́ bọ̀, gíríìsì wà ní èékánná rẹ̀, láptọ́ọ̀pù wà nínú báàgì. Ó pa àgọ́ kékeré kan sí Odòde, láàárín ìlú. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń tún kábúrétọ̀ ṣe. Òun nìkan ló gbọ́ èdè àwọn ọ̀kadà ayé ìsinsìnyí tí kò ní kábúrétọ̀ rárá, àwọn tó jẹ́ pé ìńjẹ́tọ̀ ló ń tu epo sínú ẹ́ńjìnì, tí brénbọ́ọ̀sì sì ń sọ iye tí yóò tu.

Ibẹ̀ ni Olúwagbọ́tèmi ti bá a. Àwọn òbí Gbọ́tèmi wá láti ọ̀nà Ìkìrun, wọ́n ń ṣe oko kòkó olóko, wọ́n ń bá olóko pín in, Ìdànrè níbí ni wọ́n sì bí ọmọ náà sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkó àpò kòkó láti oko wá sí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Àwọn òkè oko yẹn dúró bí ògiri, ọ̀kadà rẹ̀ kò sì lè gbé ju àpò kan lọ. Ló bá gbé e lọ sí ibì kan tí wọ́n ti gbẹ́ inú ẹ́ńjìnì náà fẹ̀ fún un, wọ́n yọ písítìn kékeré, wọ́n fi ńlá sí i. Ó ń fi ìyangàn bọ̀ wálé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ di àpò méjì gun òkè, ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó yìnbọn nínú sailẹ́ńsà, ó gbóná bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, ó kú fin-ín.

Tófínmi ki wáyà bọ̀ ọ́, ó wo láptọ́ọ̀pù, ó rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ ikùn rẹ̀ di ikùn àgbà, oúnjẹ ọmọdé ni brénbọ́ọ̀sì ṣì ń bù fún un. Afẹ́fẹ́ tó ń mí pọ̀, epo tó ń jẹ kò tó. Ikọ́ ebi ló ń wú.”

Gbọ́tèmi kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹ̀rín yẹn ló ń wò. Ó pe Tófínmi ní Ẹńjiníà, ó ní kó bá òun bu oúnjẹ náà kún. Tófínmi fi hàn án pé kò rí bí ẹní rọ omi sí kòkò. Inú láptọ́ọ̀pù náà, àwọn ilé kéékèèké tò bí afárá oyin, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Apá kan ń wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí kíákíá sí, apá kejì ń wo bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe wúwo tó. Wáyà kan wà lẹ́nu sailẹ́ńsà tó ń gbóòórùn èéfín, òun ni yóò máa sọ bóyá oúnjẹ tó tàbí kò tó. A kì í sì í ṣe é ní ìjókòó. Ẹrù gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀kadà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wà á lójú òkè, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn kó máa tún ilé kọ̀ọ̀kan ṣe.

Ọjọ́ kìíní tí wọ́n jọ lọ, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbà kọjá. Ó tán.

Tolúwalàṣẹ dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò sí ọmọ àgbà ìjọ kan tí yóò máa dì mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin níbàdí yí gbogbo Odòde ká. Tófínmi ní òun kò dì mọ́ ọn, láptọ́ọ̀pù lòun fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Bàbá ní ìyẹn ló burú jù, ṣé kó wá ṣubú kú ni? Wọ́n ń fà á báyìí, Màmá ń gé ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfi bó ṣe gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Bàbá Tófínmi, ẹrù ni wọ́n ń wá, ẹlẹ́rìí ni ìwọ ń wá. Èmi ni ẹrù, èmi náà ni ẹlẹ́rìí. Kí ló tún kù?”

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì Màmá fúnra rẹ̀ lọ dúró lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó, ó sì jẹ́ àpò kan àti ààbọ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, pé ẹrù tí kò ní jábọ́ lórí òkè nìyẹn, nítorí ó ní ọwọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jáde, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láti Odòde títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, wọn a yí padà. Ìró ẹ́ńjìnì á lọ lu àpáta, àpáta á dá a padà, gbogbo ìlú á gbọ́. Màmá wé gèlè rẹ̀ le, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún tó ń dùn ún náà gba ìhà ọ̀kadà mú bí ẹni pé wọ́n bí i sórí rẹ̀. Ó ti di opó láti ọdún méjìlá. Kò tún sí ohun tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tó kọ́kọ́ gùn ún délé, ó ní ẹ́ńjìnì náà gbọ̀n òun débi pé ohun tí òun ti gbàgbé pé òun ní sọjí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn. Àárín ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, Màmá ló sì wà láàárín. Alárinà mìíràn máa ń rìn láti ilé dé ilé; tirẹ̀, ọrùn lásán ló ń yí. Gbọ́tèmi á ní, “Màmá, ẹ bá mi sọ fún Ẹńjiníà pé iṣẹ́ rẹ̀ wù mí.” Màmá á yí ọrùn padà: “Ó ní o wu òun.” Tófínmi á ní kí Màmá sọ fún Bọ̀ọ̀dá Gbọ́tèmi kó rọra fa epo bó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Màmá á yí síwájú: “Ó ní kí o rọra o, pé kí nǹkan má ṣe ọ́.” Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, Tófínmi kò pe Bọ̀ọ̀dá mọ́, Gbọ́tèmi lásán ló ń pè é. Ọjọ́ kan, lójú òkè gan-an, Gbọ́tèmi ní kí Màmá bá òun bi í bóyá ó lè fẹ́ òun. Màmá kò fi nǹkan kan kún un lọ́tẹ̀ yìí, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Tófínmi gbé iwájú orí lé Màmá léjìká. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé Odòde. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló ní kí Màmá sọ fún un pé òun ti gbọ́, pé òun náà fẹ́.

Gbọ́tèmi dúró síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ́ńjìnì ti kú, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Síbẹ̀ Màmá ṣì jẹ́ ẹ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn náà ni ọ̀kadà gun òkè tí ohùn rẹ̀ lọ geere bí ẹni tó yó. Wọ́n dé ilé. Tófínmi bi Màmá, ẹni tó jókòó lórí ẹ́ńjìnì gan-an, bóyá ó wúkọ́. Màmá mọ̀ pé bí òun bá sọ pé kò wúkọ́, iṣẹ́ parí, òun náà ti parí, ó di ilá gígé. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, “Ó wúkọ́, ọmọ mi. Ikọ́ burúkú.”

Wọ́n tún lọ. Ó tún wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹfà, ìkẹsàn-án. Nígbà mìíràn Màmá á tiẹ̀ gbọ́ ikọ́ náà fúnra rẹ̀, á sì ṣe kàyéfì pé irọ́ òun ti ń di òtítọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, Gbọ́tèmi wọ aṣọ tó mọ́, ó wá bá Tolúwalàṣẹ nínú pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá: kí àwọn ará ilé òun tó máa bọ̀, òun fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ń to orin ìyàwó nínú ọkàn rẹ̀. Tófínmi wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

Tolúwalàṣẹ ní kó dìde, kó jókòó. Ó ní, “Bàbá rẹ ń pín oko olóko. Èmi náà pín in rí kí n tó ní tèmi, n ò fi ìyẹn bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìí ni. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń wúkọ́ lójú àpáta, gbogbo ìjọ ń gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi ni kò mọ iṣẹ́, tí o sì ń gbé e wá fún un, o ò lọ́gbọ́n. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, tí ohun tó tún ṣe ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ kó tó di ọ̀la, ọmọ mi náà á bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èwo ni ká mú?”

Màmá rí i tí ọmọkùnrin náà wo kọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, tó sì wo ilẹ̀. Bó bá sọ pé ọmọbìnrin náà kò mọ iṣẹ́, orúkọ Tófínmi bàjẹ́, ta ni yóò tún gbé ọ̀kadà wá fún un? Bó bá sì sọ ìkejì, ìyàwó lọ.

“Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, sà,” ni Gbọ́tèmi wí. “Èmi ni mo ń bà á jẹ́.”

Tolúwalàṣẹ ní ó ti dára, kó máa lọ sílé, kó má sì ṣe wá mọ́.

Ilé náà kò rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Tófínmi kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Màmá. Inú àgọ́ ló wà, nọ́ọ̀tì kan náà ló ń tú, tó tún ń dè. Màmá gbé ẹ̀bà fún un, ó bá a ní tútù. Ìyá náà wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ààrò. Oyèṣọlá, alárinà ni ọ́ ni àbí ọmọ kékeré? O rí ọmọ tí o pọ̀n, o fi ọkọ rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ sábẹ́ ìró. Ó rò ó pé bóyá kó dákẹ́, pé àgbà ìyá ìjọ bíi òun tó bá jẹ́wọ́ irọ́ lórí ọ̀kadà, wọn ò ní jẹ́ kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó tún rò ó pé àdúrà wo gan-an ni òun tún fẹ́ gbà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń ti ìsìn dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn kálukú, Màmá ránṣẹ́ pe Gbọ́tèmi, ó sì to gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀.

Ó ní, “Bàbá Tófínmi, èmi ni. Ọ̀kadà yẹn ti yè láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi mí, mo ń sọ pé ó wúkọ́. Kò wúkọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń dùn mọ́ mi.”

Tolúwalàṣẹ ya ẹnu, ṣùgbọ́n Tófínmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Màmá, ẹ ò parọ́ o. Ó ń wúkọ́. Èmi ni mo máa ń dín epo rẹ̀ kù nínú ilé kan tàbí méjì ká tó jáde. Bó bá yè tán, kí ni màá máa bá a wá ṣe?”

Gbogbo ojú wá kọ sí Gbọ́tèmi. Ó fi ọwọ́ ra orí. Ó ní àwọn ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ wúkọ́ rárá, pé òun á dọ́gbọ́n fi ọwọ́ epo sílẹ̀ lójijì bí àwọn bá dé ìyànà, kó lè dàbí ikọ́.

Màmá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. “Àṣé gbogbo ìgbà tí mo ń parọ́ yẹn, òtítọ́ ni mo ń sọ?” Ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rín in, ló bá wé e padà.

Tolúwalàṣẹ dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Nígbà tó yí padà, kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní òun ò bá ọ̀kadà jà mọ́, òun ò sì bá oko olóko jà. “Ẹnu ni mo ń bẹ̀rù. Ènìyàn mẹ́ta tó lè parọ́ ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá wọlé tọ̀ wọ́n, kí ni wọ́n máa sọ fún mi?” Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní bó bá mọ iṣẹ́ lóòótọ́, kó tún un ṣe báyìí, lójú òun.

Tófínmi gbé láptọ́ọ̀pù jáde tòun ti sùtánà funfun lọ́rùn. Ó dá gbogbo nọ́ńbà tó ti jí gbé padà sáyè wọn. Nígbà tó ṣe tán, kò kúrò nídìí rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣì kù tí òun kò ní fi pamọ́. Àyàfi ọjọ́ kìíní tí àwọn kò gun òkè, ènìyàn mẹ́ta ló ń gùn ún. Àwọn ilé tó wà fún ẹrù wúwo, òun dé gbogbo wọn. Àwọn èyí tó wà fún ènìyàn méjì, àwọn kò dé ibẹ̀ rí, àbá lòun dá sí wọn. Kò sí bí òun ṣe lè mọ̀ àfi kí òun àti Gbọ́tèmi lọ láwọn nìkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ìjọ ṣì wà lójú títì. Màmá rí i tí iṣan kan ń fò létí Tolúwalàṣẹ. Ó na ọwọ́ sí ojú títì.

“Ẹ lọ. Màmá, ẹ dúró tì mí.”

Wọ́n lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá dúró sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Tolúwalàṣẹ sún mọ́ ọn.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ohùn rẹ̀ jù. Bó bá lọ, tó bọ̀, ẹ sọ fún mi bóyá ó wúkọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa tẹ̀ lé.”

Ìró náà lọ sókè. Ó dé ibi àpáta, àpáta gbà á, ó dá a padà, ó mọ́, ó kún, ó dùn bí ohùn akọrin tó jẹun kánú. Màmá ti ń mí. Ìgbà náà ni ó gbọ́ ọ, níbi ìyànà tó ṣáájú àtẹ̀gùn: ẹyọ kan, kékeré, bí ẹni tí ata ta lọ́fun. Ó tún lọ geere. Ẹni tí kò gùn ún fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kò lè gbọ́ ọ.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Oyèṣọlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kékeré ni ikọ́ náà. Bí o bá ní kò sí, ìyàwó dé. Bí o bá ní ó wà, ó lè jẹ́ pé ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ tú ohun tí o so. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kò kọ irọ́ rí bó bá jẹ́ torí ẹni tó fẹ́ràn; ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí irọ́ torí ìfẹ́ ṣe fún wọn.

“Ó wúkọ́,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀kan. Níbi ìyànà.”

Ó jókòó sórí pèpéle. Tolúwalàṣẹ kàn dúró, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, títí ọ̀kadà fi yọ.

Tófínmi sọ̀ kalẹ̀, eruku wà lára sùtánà rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi í. “Bàbá, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, níbi ìyànà. Epo ilé kan ni kò tó, mo ti rí i, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.”

Tolúwalàṣẹ wo Gbọ́tèmi. “Ìwọ ńkọ́?”

“Ó wúkọ́, sà. Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.”

Ẹ̀rín kan fẹ́ bọ́ lẹ́nu àgbà ìjọ náà, ó fi ọwọ́ bò ó. Ó ní òun kò gbọ́ ikọ́ kankan ní tòun, pé ká ní wọ́n sọ fún òun pé kò wúkọ́, òun ì bá gbà. Ó ní ṣùgbọ́n ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ òtítọ́ kan náà. Ó wá ní kí Gbọ́tèmi sọ fún bàbá rẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé, pé àwọn yóò gbà wọ́n.

Gbọ́tèmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Tófínmi kúnlẹ̀, ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù, ó ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá nù ún, ojú rẹ̀ di dúdú kirimú. Màmá ti dìde lórí pèpéle. Ó wé gèlè le, ó ká ìró sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà.

“Màmá,” ni Tolúwalàṣẹ wí, “kí lẹ tún fẹ́ dán wò?”

“Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ dán wò. Mo kàn fẹ́ gùn ún ni. Gbọ́tèmi, dìde nílẹ̀, jẹ́ ká lọ.”